Etí Ṣáájú Ẹnu: Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Nínú Iṣẹ́ Carl Rogers fún Àwa Àgbà Ìlú

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ etí ni. Mo fẹ́ kí a bi ara wa léèrè bóyá àwa tí a ń pè ní àgbà mọ bí a ti í gbọ́ ọ̀rọ̀, tàbí ó jẹ́ pé sísọ nìkan ni a mọ̀.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀bi ara mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a pe ìpàdé ní agbo ilé wa nítorí ọmọkùnrin kan, ẹni ọdún mẹ́tàdínlógún, tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun kò lọ sí ilé-ìwé mọ́. Àgbà mẹ́sàn-án ni a jókòó, èmi sì ni ẹnì kẹrin tí ó sọ̀rọ̀. A rán an létí orúkọ baba ńlá rẹ̀. A ka owó tí ìyá rẹ̀ ti ná lé e lórí. A pa òwe. A sì fi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti di ènìyàn hàn án. Láti ìgbà tí a jẹun òwúrọ̀ tán títí oòrùn fi dé àtàrí ni a ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí a parí, ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Inú wa dùn, a sì tú ká. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi sá lọ sí Èkó.

Ọdún méjì kọjá kí n tó tún rí i sójú, ìgbà náà ni mo sì tó mọ ìdí ọ̀rọ̀. Akólòlò ni ọmọ náà. Olùkọ́ kan a máa mú un dìde lójoojúmọ́ kí ó ka ìwé sókè, kí àwọn ọmọ yòókù lè fi í rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó wí fún wa lọ́jọ́ ìpàdé náà. Ó wò mí pẹ́, ó sì fi ìyára díẹ̀díẹ̀ tirẹ̀ wí pé, "Bàbá, ẹ kò dúró." Òtítọ́ ni. Ọ̀kan nínú wa bi í ní ìbéèrè, ṣùgbọ́n kí ahọ́n rẹ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ jáde, ẹlòmíràn ti já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìwé kà lórí bí a ti í ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo lọ́wọ́, níbẹ̀ ni mo sì gbé pàdé iṣẹ́ Carl Rogers, ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó fi bí ọgọ́ta ọdún wádìí ohun kan ṣoṣo: kí ni ó wà nínú ìbáṣepọ̀ ẹni méjì tí ó fi lè mú kí ọ̀kan nínú wọn yí padà sí rere? Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, ṣé òyìnbó ni yóò wá kọ́ Yorùbá bí a ti í gba ara ẹni nímọ̀ràn? Ìbéèrè náà tọ́, n ó sì dáhùn rẹ̀ kí n tó gbé kálámù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ọkùnrin náà, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

A bí Carl Rogers ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 1902 ní Oak Park, lẹ́bàá Chicago. Òun ni ẹ̀kẹrin nínú ọmọ mẹ́fà. Onígbàgbọ́ tí ó le ni àwọn òbí rẹ̀. Kò sí ọtí, kò sí ijó, kò sí títa káàdì nínú ilé wọn. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá, baba rẹ̀ ra oko, ó sì kó gbogbo ilé lọ síbẹ̀. Nínú oko náà ni ọmọdékùnrin yìí ti rí ìwé ńlá kan tí ó sọ nípa oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Láti inú rẹ̀ ni ó ti kọ́ bí àgbẹ̀ ti í dán nǹkan wò: a ó pín àwọn ẹran sí ọ̀nà méjì, a ó fún apá kan ní oúnjẹ tuntun, a ó fi apá kejì sílẹ̀ bí ó ti wà, lẹ́yìn náà a ó wọn àwọn méjèèjì kí a lè mọ̀ bóyá oúnjẹ náà ni ó ṣe iṣẹ́ tàbí orí ni ó kàn ṣe é. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ọgbọ́n oko náà ni ó gbé e ga lẹ́yìn ọ̀la.

Ó kọ́kọ́ kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Wisconsin, lẹ́yìn náà ó pinnu láti di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ó sì yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà sí ìtàn. Ní ọdún 1922, wọ́n yàn án mọ́ àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí ó lọ sí ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kristẹni ní Peking, ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ìrìn àjò olóṣù púpọ̀ náà fi hàn án pé àwọn ènìyàn olóòótọ́ lè gba Ọlọ́run kan náà gbọ́ kí ìgbàgbọ́ wọn má sì bára mu. Ní ọdún 1924, ó gba oyè rẹ̀, ó fẹ́ Helen Elliott, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà kan ní New York. Ọdún méjì péré ni ó lò níbẹ̀. Ó rí i pé iṣẹ́ ríran ènìyàn lọ́wọ́ ń wu òun, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ iṣẹ́ tí yóò di dandan fún òun láti gba ohun kan gbọ́ kí òun tó lè jẹun níbẹ̀. Ó kọjá sí Teachers College ti Yunifásítì Columbia, níbi tí ó ti kọ́ ìmọ̀ ìwà àti ọkàn ẹ̀dá, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1931.

Ṣáájú kí ó tó gba oyè náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ọdún 1928, ní ìlú Rochester, ní ilé-iṣẹ́ kan tí ń gba àwọn ọmọdé tí a fìyà jẹ tàbí tí ọwọ́ òbí kò ká mọ́. Ọdún méjìlá ni ó lò níbẹ̀. Ní ọdún 1939, nígbà tí a fẹ́ dá ilé ìtọ́sọ́nà tuntun sílẹ̀ ní ìlú náà, àwọn oníṣègùn kan ní kò yẹ kí ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn jẹ́ olórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn ńlá, ṣùgbọ́n Rogers ni a fi joyè náà.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí i ní Rochester tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ títí ó fi dàgbà. Ìyá kan wá nítorí ọmọkùnrin rẹ̀ tí ó ya pòkíì. Rogers ti gbé ìwé ọ̀ràn náà yẹ̀ wò, ó sì ti fi ọgbọ́n rẹ̀ mọ̀ pé ìyá náà kò fi ìfẹ́ hàn sí ọmọ yìí láti kékeré. Ní ìpàdé lẹ́yìn ìpàdé, ó ń fi sùúrù ṣàlàyé èyí fún un. Kò wọ ìyá náà létí. Níkẹyìn, ó sọ fún un pé ó jọ pé àwọn méjèèjì ti sa agbára wọn, kò sì bọ́ sí i, ẹ jẹ́ kí àwọn fòpin sí i. Ìyá náà gbà, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ó yíjú padà, ó bèèrè bóyá wọ́n máa ń gba àgbàlagbà níbẹ̀. Rogers ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá náà padà wá jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọkàn rẹ̀ sílẹ̀: ìgbéyàwó rẹ̀ tí ó ń dàrú, ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀, ìdààmú rẹ̀. Ohun tí ó jáde kò jọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé rárá. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dára fún un, ó sì dára fún ọmọ náà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kò sí ẹni tí ó lè wí pé Rogers kò gbọ́n nígbà náà. Àlàyé rẹ̀ lè ti tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n rẹ̀ ni ó dí ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó ni ọ̀ràn ni ó mọ ibi tí ó ti ń dùn ún, òun sì ni ó mọ ilẹ̀kùn tí a lè gbà wọlé. Àwa náà a máa wí pé ẹlẹ́rù ni yóò kọ́kọ́ gbé ẹrù rẹ̀ kí a tó bá a gbé e. Rogers kàn rí i pé olùrànlọ́wọ́ púpọ̀ ni ó ń já ẹrù gbà lọ́wọ́ ẹlẹ́rù, tí wọ́n sì ń gbé e gba ọ̀nà ibi tí ẹlẹ́rù kò lọ.

Ní ọdún 1940, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ohio. Ní ọdún 1942, ó tẹ ìwé kan jáde tí ó mi àwọn oníṣẹ́ yìí tìtì. Kí ó tó di ìgbà náà, ohun tí ó bá ṣẹlẹ̀ láàárín olùwòsàn ọkàn àti ẹni tí ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ẹnu olùwòsàn nìkan ni a ti ń gbọ́ ọ; ohun tí ó bá rántí tí ó sì wù ú ni yóò sọ. Rogers àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ gba ohùn sílẹ̀ sórí àwo, irú àwo tí a fi ń gbọ́ orin. Nínú ìwé ọdún 1942 náà ni ó ti tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ìpàdé mẹ́jọ pẹ̀lú ọkùnrin kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lábẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ gan-an. Gbogbo ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, gbogbo àṣìsọ, títí kan ibi tí olùrànlọ́wọ́ gbé ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́, ni a tẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni fi odindi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí gbangba kí ayé lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bákan náà ni ó yí orúkọ padà: ó kọ̀ láti máa pe ẹni tí ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ní aláìsàn, ó pè é ní oníbàárà, nítorí aláìsàn ń dúró de ohun tí a ó ṣe fún un, ṣùgbọ́n oníbàárà mọ ohun tí òun wá rà.

Ó lọ sí Yunifásítì Chicago ní ọdún 1945, ó dá ilé ìgbani-nímọ̀ràn sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì lo ọdún méjìlá. Níbẹ̀ ni ọgbọ́n oko baba rẹ̀ ti so èso. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ òun ń ṣe ènìyàn ní àǹfààní lóòótọ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ gbólóhùn ọgọ́rùn-ún sórí káàdì, irú bíi "Ojú máa ń tì mí" tàbí "Mo lè dá dúró." Ẹni tí ó wá yóò to àwọn káàdì náà ní ìpele ìpele, láti èyí tí ó jọ ọ́ jù lọ dé èyí tí kò jọ ọ́ rárá. Lẹ́yìn èyí, yóò tún wọn tò gẹ́gẹ́ bí irú ẹni tí ì bá wù ú láti jẹ́. A ó wá wọn bí àwòrán méjèèjì ti súnmọ́ra tó: bí wọ́n bá bára mu pátápátá, ìwọ̀n náà yóò jẹ́ 1, bí wọn kò bá ní nǹkan kan í ṣe pẹ̀lú ara wọn, yóò jẹ́ 0. Lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà 25 tí a wọ̀n, ìwọ̀n náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo gan-an kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀; nígbà tí ó parí, ó ti dé 0.34. Àwọn kan wà nínú wọn tí a ní kí wọ́n dúró fún 60 ọjọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ wọn. Nínú ìdúró náà, kò sí ìyípadà. Nítorí náà kì í ṣe ọjọ́ tí ń gorí ọjọ́ ni ó wo wọ́n sàn. Ìwé ìwádìí yìí jáde ní ọdún 1954, ní ọdún 1956 ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà sì fún un ní ẹ̀bùn ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ wọn. Ní 1972 wọ́n tún fún un ní ẹ̀bùn iṣẹ́ ọwọ́. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba méjèèjì.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú. Ní Chicago kan náà, ọ̀ràn obìnrin kan tí ara rẹ̀ kò yá wọ̀ ọ́ lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi mọ ibi tí ti obìnrin náà parí sí, tí tirẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ó fi obìnrin náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, òun àti aya rẹ̀ wọ ọkọ̀, wọ́n sá kúrò nílùú fún bí oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Nígbà tí ó padà, ó jókòó sí iwájú ọ̀kan nínú àwọn tí ó kéré sí i níbi iṣẹ́, ó sì jẹ́ kí ẹni náà gbọ́ òun gẹ́gẹ́ bí òun ti máa ń gbọ́ àwọn ẹlòmíràn. Mélòó nínú àwa ìjòyè àti olórí ẹbí ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Àgbà a máa gbé ìbànújẹ́ tirẹ̀ sin sábẹ́ agbádá, yóò sì jáde lọ parí ìjà fún tọkọtaya ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1957 ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ dá lé lórí. Ó ní ohun mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ wà lára ẹni tí ó fẹ́ ran ọkàn ẹlòmíràn lọ́wọ́. Èkíní, kí inú rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ bára mu. Kí ó má ṣe àgàbàgebè. Èkejì, kí ó tẹ́wọ́ gba ẹni náà gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, láìfi "bí o bá ṣe báyìí" ṣe ìdíwọ̀n. Ẹ̀kẹta, kí ó wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó sì rí ayé bí ojú ẹni náà ti rí i, láìgbàgbé pé ojú ẹlòmíràn ni òun fi ń wò. Ó ní bí oníbàárà bá rí nǹkan wọ̀nyí gbà, agbára àtidàgbà tí ó wà nínú rẹ̀ yóò ṣe ìyókù. Ó fẹ́ràn láti máa sọ nípa pòtétò tí wọ́n máa ń kó sí yàrá abẹ́ ilé nígbà èwe rẹ̀: nínú òkùnkùn náà, wọn a máa hù, ọ̀mùnú wọn a funfun, a tẹ́ẹ́rẹ́, a sì máa nà lọ sí ojú fèrèsé kékeré tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ẹni tí ó bá ti rí iṣu tí ó hù nínú ọkọ̀ tàbí nínú àká mọ ohun tí ó ń wí. Bí ìgbésí ayé ẹ̀dá ti wù kí ó wọ́ tó, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tí kò yọrí sí rere pẹ̀lú. Ní ọdún 1957 náà, ó padà sí Wisconsin láti fi ọ̀nà rẹ̀ dán àwọn tí àrùn ọpọlọ tí ó le ń ṣe wò ní ilé ìwòsàn ìjọba. Iṣẹ́ náà le, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tí ń ṣe é. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1967, àwọn tí a gbọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju àwọn tí a kò gbọ́ lọ. Kìkì àwọn tí olùgbọ́ wọn ní òye jinlẹ̀ ni ó jọ pé ó ṣe dáadáa jù. Rogers kò fi àbájáde náà pamọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Láti ìgbà náà, ìwádìí púpọ̀ ti fi hàn pé ìbáṣepọ̀ rere àti òye olùgbọ́ wà lára ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú irú ìwòsàn yìí, ṣùgbọ́n fún àìsàn tí ó le, etí nìkan kò tó. Oògùn àti ìtọ́jú mìíràn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e.

Ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó kúrò ní yunifásítì, ó lọ sí La Jolla ní California, ó sì gbé ọ̀nà rẹ̀ lọ sí àárín àwọn tí ń bá ara wọn jà. Ó mú àwọn ará Belfast jókòó pọ̀, Kátólíkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì. Ó lọ sí Gúúsù Áfríkà ní 1982 àti 1986, nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ẹ̀yà ṣì wà níbẹ̀, ó sì mú kí dúdú àti funfun sọ̀rọ̀ sí etí ara wọn. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù kejì ọdún 1987, ní ẹni ọdún 85.

Wàyí o, mo padà sí ìbéèrè tí mo ṣèlérí láti dáhùn. Ṣé òyìnbó ni yóò kọ́ wa? Lọ́nà kan, rárá. Baba wa mọ̀ pé ẹni tí ó ni ọ̀ràn ni ó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ènìyàn bá lọ difá, a máa sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí owó tí ó mú dání. Babaláwo kò ní gbọ́ ọ. Babaláwo a máa ki ẹsẹ lẹ́yìn ẹsẹ, ẹni tí ó wá ni yóò sì mọ ìgbà tí a bá kan ọ̀rọ̀ òun. Ẹ kò rí i bí a ti bu ọ̀wọ̀ fún oníbàárà tó nínú ètò yìí? Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣe ní Arò ní ọdún 1954 kan náà tí ìwé Chicago jáde: kò ti àwọn tí àrùn ọpọlọ ń ṣe mọ́lé, ó mú kí wọ́n máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà. Ayé ti wá wo Arò kọ́gbọ́n.

Ṣùgbọ́n lọ́nà kejì, bẹ́ẹ̀ ni, ó lè kọ́ wa. Ohun tí a mọ̀ yìí, a kò kọ ọ́ sílẹ̀, a kò sì wọ̀n ọ́n. Tí àgbà bá dá ẹjọ́ tọkọtaya, ta ni ó padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà láti bèèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà jóná tàbí ó jinná? Ohun tí a ń yangàn sí gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, ó yẹ kí a lè fi hàn pé ó ń ṣe iṣẹ́, kí a sì tún un ṣe níbi tí kò bá ti ṣe é. Èyí kò dín àṣà kù. Òun ni yóò gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gàn.

Àtakò kejì tún wúwo ju èyí lọ. Àwọn kan ní bí olùrànlọ́wọ́ kò bá gbani nímọ̀ràn, kí ni ó jókòó sí? Nílẹ̀ wa, àgbà tí kò sọ̀rọ̀ kì í ṣe àgbà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1957, ní Yunifásítì Michigan, Rogers jókòó pẹ̀lú Martin Buber, ọ̀mọ̀wé Júù tí òkìkí rẹ̀ kàn. Rogers ní bí iṣẹ́ bá wọ̀ tán, òun àti oníbàárà máa ń dọ́gba. Buber kò gbà fún un: ó ní ẹni náà ni ó wá ìrànlọ́wọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ, ìwọ kò wá tirẹ sọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí náà ẹ kò lè dọ́gba. Níhìn-ín, èmi kò fara mọ́ Rogers tán. Àgbà àti ọmọ kò dọ́gba nílẹ̀ Yorùbá, àìdọ́gba náà kì í sì í ṣe ìyà. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé lè gun òkè kí ó má rí i. Bí ọ̀dọ́ bá bèèrè èyí tí ó jẹ́ ìpín rẹ̀ nínú ilẹ̀ baba rẹ̀, ẹ má ṣe sọ fún un pé ẹ gbọ́ ìbànújẹ́ ọkàn rẹ̀. Ẹ fi ilẹ̀ hàn án. Ìmọ̀ràn àgbà jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ̀ràn tí ó ṣáájú ìgbọ́ràn kì í ṣe ìmọ̀ràn, ariwo ni. Dókítà tí ó fún ni ní oògùn kí ó tó bèèrè ibi tí ó ń dùn, a kò ní tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ Ẹgbẹ́ yìí àti ẹ̀yin olórí ìlú pé kí ẹ ṣe.

Èkíní, nínú ìpàdé ẹbí àti ti àdúgbò, ẹ jẹ́ kí a gba òfin kan tí Rogers fúnra rẹ̀ dá lábàá fún àwọn tí ń jiyàn: kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáhùn títí yóò fi kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ sọ, tí ẹni náà yóò sì wí pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn." Ẹ dán an wò nínú ìpàdé kan ṣoṣo. Yóò nira fún yín ju bí ẹ ti rò lọ, ẹ ó sì rí ìjà tí yóò parí kí a tó dá ẹjọ́ rẹ̀.

Èkejì, ní ti ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1959, ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Theresa ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, ni a ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́sọ́nà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà. Ọmọbìnrin tí ó fẹ́ jáde ní ilé-ìwé ni a pe àwọn ènìyàn wá bá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa kò yẹ kí ó kú lọ́wọ́ wa. Ní ibi púpọ̀, ẹni tí a fi ṣe olùtọ́sọ́nà ni a tún ń lò gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìṣirò àti olùdáná ìyà. Ọmọ wo ni yóò sọ àṣírí rẹ̀ fún ẹni tí ó na án ní ẹgba lánàá? Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ bèèrè yàrá kan tí ó ní ilẹ̀kùn, àti ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ fi èdè wa ṣe iṣẹ́ yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí ó rọ́pò òfin wèrè tí a jogún láti ìgbà ìjọba òyìnbó. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò ní etí. Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, wọ́n sì ń jáde wá bá ìyá tí ó ní "inú mi bàjẹ́", "ọkàn mi kò lélẹ̀", "ara mi kò gbà á". Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ohun kan náà. Ta ni ó ti gbà wọ́n sílẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tí ó sọ wọ́n, tí ó sì ti tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ bí Rogers ti to káàdì rẹ̀? Iṣẹ́ ń bẹ níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ràn èdè yìí ní tòótọ́.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí ó tún orí ọmọ rẹ̀ ṣe nípa kíké mọ́ ọn. Ọwọ́ ni ó fi ń gbé e, jẹ́jẹ́. Ọmọkùnrin wa ti kọ́ṣẹ́ ní Èkó, ó sì ń wálé lọ́dọọdún nígbà ọdún ìbílẹ̀ wa. Tí ó bá dé, a máa wá kí mi, mo sì máa ń bi í léèrè bí nǹkan ti rí. Lẹ́yìn náà, n ó dákẹ́. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde. Mo ń dúró.